Ẹ Má Fọwọ́ sí I Lónìí

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fa rédíò mọ́ etí, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ ní kí wọ́n bá yín yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ etí ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí kéèyàn lè gbọ́ràn, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á fún àgbàlagbà. N kò sọ pé oníjìbìtì ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ náà dára. Ó ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sáàárín ẹbí wọn. Àmọ́ ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà tà á, pàápàá lókè òkun níbi tí ọ̀pọ̀ òbí wa wà báyìí, ọ̀nà náà kò mọ́. Ohun tí mo bá dé kò sì ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rọ etí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ má fọwọ́ sí i lónìí.

Ẹ jẹ́ ká mú Amẹ́ríkà. Ká ní bàbá kan wà ní Houston. Ọmọ ló mú un lọ. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan wọlé, orúkọ bàbá wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Lẹ́tà ní ilé iṣẹ́ kan ń wá àgbàlagbà díẹ̀ ní àdúgbò yín tí yóò bá wọn dán ẹ̀rọ tuntun wò. Ó ní ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò etí. Ó ní àyè kò pọ̀, ọjọ́ Ẹtì ló máa parí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ẹ mú ìyàwó yín dání.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kí lẹ rò pé wọ́n fẹ́ fi ìyàwó ṣe? Ṣé òun náà fẹ́ dán ẹ̀rọ wò ni?

Bí ìyàwó bá jókòó síbẹ̀, bàbá kò ní lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ n lọ bi ìyá àwọn ọmọ mi léèrè ná." Gbólóhùn yẹn ti gba owó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sílẹ̀. Ẹni tó ń tajà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti dí ojú ọ̀nà yẹn kí bàbá tó kúrò nílé.

Ìyàwó tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Ẹlẹ́rìí ni. Ọkùnrin tó ń tajà náà á yíjú sí màmá, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn? Ṣé ó máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè jù?" Màmá ti gbé e mọ́ra látọjọ́ tó ti pẹ́. Ló bá tú u jáde. Ojú ti bàbá. Ẹ sì mọ̀ pé ọkùnrin tójú tì níwájú ìyàwó rẹ̀ kì í nájà mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó san ló ń san.

Wọ́n á gbé bàbá sínú yàrá kékeré kan. Wọ́n á fi nǹkan bò ó létí méjèèjì. Ohùn á máa dún, á máa lọlẹ̀. Bí bàbá bá ti gbọ́ ọ, á tẹ bọ́tìnì. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, àyẹ̀wò gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe é? Ẹni tó ń yẹ etí wò náà ni ẹni tó fẹ́ tajà. Bí etí bàbá bá dára, kò rí nǹkan kan tà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èsì wo ni yóò wù ú jù?

Ó tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ tí ìlà wà lórí rẹ̀. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó fi bírò tọ́ka sí i. "Ẹ wo ibi tí etí yín bá a dé." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà tí ìlà tirẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ lápá yẹn. Ibẹ̀ ni ohùn tínrín-tínrín wà, àwọn ni ọjọ́ orí sì kọ́kọ́ máa ń mú lọ. Ṣé gbogbo wa ló wá nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi? Ó tì o.

Ìgbà yẹn ló máa rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Á pe bàbá lórúkọ, bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ni. (Àṣà wọn ni, ẹ máa wò wọ́n.) Á ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán?" Ọkàn màmá já. Ọ̀rọ̀ yìí mà ń gún èèyàn o, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé àìgbọ́ràn àti àìsàn ìgbàgbé máa ń rìn pọ̀. Àmọ́ wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo àwọn tó kópa pọ̀, títọ́jú etí pẹ̀lú ẹ̀rọ kò mú ìyàtọ̀ kan tó hàn gbangba wá láàárín ọdún mẹ́ta. Àwọn tí ewu wọn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ ló jọ pé ó ràn lọ́wọ́. Ẹ ò ní gbọ́ apá yẹn lẹ́nu ẹni tó ń tajà. Apá tó ń dẹ́rù bani nìkan ló há sórí.

Ẹ̀rù ti wọlé, ìtìjú ti wọlé. Owó ló kù. Ó ní $6,000. Bàbá mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà ní ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá mi. Ó jáde. Ó wọlé. Ọ̀gá ti gbà, ó di $3,900. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òní lẹ fọwọ́ sí i ni o. Bó bá di ọ̀la, ẹ̀dínwó ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yẹn lóru? Ṣé yóò tóbi sí i ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fipá ta ẹ̀rọ etí fún àgbàlagbà là ń sọ. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ má fọwọ́ sí i lónìí. Ọjà tó dára lónìí á dára lọ́la. Ẹni tó bá ní ẹ kò gbọdọ̀ délé kí ẹ tó sanwó, ó ní ìdí tí kò fi fẹ́ kí ẹ délé.

Ẹ lè bi mí pé, ìjọba ńkọ́? Ṣé wọ́n kàn ń wòran ni? Wọn ò kàn ń wòran. Lọ́dún 1977, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí dókítà kọ́kọ́ yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ etí fún un. Òfin tó dára ni, kó tó di pé wọ́n fagi lé e lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ihò kan sílẹ̀. Nígbà náà, àgbàlagbà lè fọwọ́ sí ìwé kan pé òun kò fẹ́ rí dókítà. Òfin ìgbà yẹn sọ pé ẹni tó ń tajà kò gbọdọ̀ rọ èèyàn láti fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ó dáa. Nínú yàrá kékeré, tí ilẹ̀kùn ti sé, ta ló ń ṣọ́ ọ? Bí wọ́n ṣe ń ti ìwé náà síwájú arúgbó pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù nígbà yẹn nìyẹn. "Ẹ fọwọ́ síbí. Àti ibí. Àti ibí." Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí inú etí lásán ló dí bàbá létí ńkọ́? Dókítà á fọ̀ ọ́ jáde, bàbá á máa gbọ́ràn. Kò sí ẹni tó máa san $3,900 lórí ìdọ̀tí.

Owó ìlera tí ìjọba ń san fún àgbàlagbà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Medicare, kì í san owó ẹ̀rọ etí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ọdún 1965 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àwọn ètò kan tí ilé iṣẹ́ aládàáni ń ṣe lábẹ́ rẹ̀ lè san díẹ̀. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, arúgbó nìkan ló ń dá ná ọjà yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pè yín lórí fóònù pé Medicare fẹ́ fún yín ní ẹ̀rọ etí lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ kàn ka nọ́ńbà káàdì yín fún òun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má dúró kí i pé ó dàárọ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń wá.

Wọ́n tún òfin ẹ̀rọ etí ṣe. Elizabeth Warren àti Chuck Grassley, aṣòfin àgbà méjì tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kì í rẹ́, ló jọ gbé e dìde, ó sì di òfin lọ́dún 2017. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àgbàlagbà tí àìgbọ́ràn rẹ̀ kò tíì le lè wọ ilé ìtajà oògùn, kó ra ẹ̀rọ etí fúnra rẹ̀, láìsí ìwé dókítà, láìsí ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ ohùn kankan. Owó rẹ̀ sì kéré sí tàtijọ́ dáadáa. Inú mi dùn sí i. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà wọlé látẹ̀yìn. Wọ́n ń polówó lórí Facebook, wọ́n ń fi àmì FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, hàn, wọ́n ní FDA ti fún àwọn níwèé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀. Àjọ FDA fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé òun kì í fún ilé iṣẹ́ kankan nírú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí i, ayédèrú ni.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan o. Ní Ọsirélíà, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà gbé ìròyìn kan jáde lọ́dún 2017. Wọ́n rí i pé àwọn ilé ìtọ́jú etí kan ń san owó fún òṣìṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iye ẹ̀rọ tí wọ́n bá tà, wọ́n tún ń dá iye tí kálukú gbọ́dọ̀ tà fún un. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó jókòó níwájú yín gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn, ọjà ló ń kà lọ́kàn. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ lè pàdé ọmọlúàbí níbi iṣẹ́ yẹn, ó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ bá so mọ́ ẹ̀rọ tó wọ́n jù, ẹ má retí pé kó júwe èyí tó pọ́ọ́kú fún yín. Nítorí náà, ẹ bi í: "Ṣé ẹ ń gba owó kún owó lórí èyí tẹ́ ẹ fi hàn mí yìí?" Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Ẹ wá jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Kí ló gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn? Lẹ́tà nìkan kọ́. Àwa ọmọ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. "Màmá, ẹ ò gbọ́ ni? Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin!" Àbí a kì í sọ bẹ́ẹ̀? Títí màmá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí ohun tí kò gbọ́. Títí bàbá á fi máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi í pamọ́. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní adití. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó ń tajà wá dé, òun kò jágbe mọ́ wọn, ó fà wọ́n lọ́wọ́, ó fún wọn ní tíì. Kí ló dé tí wọn kò ní fọwọ́ síwèé?

Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ bí etí ṣe ń darúgbó. Wọ́n ní, "Bàbá ń gbọ́ ohun tó bá wù wọ́n ni." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn tó rinlẹ̀ ṣì ń wọlé. Ìró kéékèèké tó wà láàárín ọ̀rọ̀, ìró bíi f, s, ṣ àti k, ni kì í wọlé mọ́. Ẹ sọ pé ọmọ ń lọ síbi ẹ̀kọ́, ìyá gbọ́ ẹ̀fọ́. Ohùn orí méjèèjì dọ́gba, ìró kan ṣoṣo ló sọnù. Ìyá mọ̀ pé ẹ sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Bẹ́ ẹ bá ń pariwo, ariwo lẹ fi kún un. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó rí ẹnu yín, kí ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èyí náà ló fi yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú àwọn ọjà wa nílé, èyí tó jẹ́ pé ó kàn ń mú gbogbo ariwo tóbi ni. Bí èèyàn bá ń wá ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ọjà Bódìjà, ṣé ó máa ní kí gbogbo ọjà tún pariwo sí i ni? Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe nìyẹn. Ojúlówó ẹ̀rọ etí, àyẹ̀wò ẹni náà ni wọ́n fi ń tò ó. Ibi tí etí ti bàjẹ́ ló ń gbé sókè, á fi ibi tó dára sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ fọkàn sí èyí. Ẹ máa ń ra ẹ̀rọ etí, ẹ máa ń fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí màmá. Ẹ ṣeun. Màmá fi í sétí, ó ń súfèé. Kò sí ẹni tó máa tún un tò fún wọn. Bátìrì rẹ̀ kéré bí èékánná, bẹ́ ẹ bá ti ṣí bébà orí rẹ̀ báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ara rẹ̀ nìyẹn, kódà bí ẹ kò bá fi sínú ẹ̀rọ. Kó tó di oṣù kejì, ẹ̀rọ ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó tà á nìkan ló lè tún un tò, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà tì í. Ẹ kò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó sanwó: "Ṣé onímọ̀ etí mìíràn lè tún un tò fún mi?" Ó dáa kí màmá kọ́kọ́ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun nílé, bíi ti ọsibítù UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ, ẹ fi díẹ̀ níbẹ̀ san owó àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiyín tilẹ̀ dùn. Láti ọdún 1948 tí wọ́n ti dá ètò ìlera wọn, NHS, sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní ẹ̀rọ etí láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ń fún wọn ní bátìrì, wọ́n ń tún un ṣe. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń ní ti ọ̀fẹ́ kò lè dára, wọ́n á lọ san ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn níta. Àwọn tó ń tajà níta ló ń fi ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà yín. Òbí tó kàn wá kí yín kò sí nínú ètò yẹn o, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló wà fún.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò dúró de ẹ̀rọ rárá. Bí etí bá ṣàdédé dí lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oògùn wà tó lè ràn án lọ́wọ́ bẹ́ ẹ bá tètè dé. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ni, bí etí bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń sun ọyún, bí òòyì bá ń kọ́ yín, dókítà ni. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tajà.

Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i ńkọ́? Ẹ má jókòó ti ìbànújẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin fún yín láyè láti dá ẹ̀rọ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá jẹ́ inú ilé yín ni wọ́n wá bá yín, òfin ìjọba àpapọ̀ fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ni fún ọjà tí wọ́n bá gbé wá bá yín nílé. Ẹ wá ìwé àdéhùn yẹn jáde lónìí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ kò fẹ́ mọ́, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá ní ẹ fún etí láyè kó mọ́ ẹ̀rọ lára, òótọ́ ni pé ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi èyí fa yín títí ọjọ́ á fi kọjá. Ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà. Bí wọ́n bá tún ń yọ yín lẹ́nu, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín ń gba ẹ̀sùn. Nílé níbí, àjọ FCCPC ló ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Àkókò ti ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pe òbí yín lálẹ́ òní. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ lẹ́tà sí yín nípa etí?" Ẹ bi wọ́n jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ní ilé yín, ẹ pè wá lẹ́yìn ìròyìn, tàbí kẹ́ ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ẹ kàn sọ bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ fún yín, kí ẹlòmíràn lè dá a mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn tó ń gbówó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lórúkọ pé àwọn máa bá wọn yanjú owó ìfẹ̀yìntì wọn la ó gbé yẹ̀ wò.